Vape kì í ṣe sìgá, ẹ rọra fà á

Àwọn oníbàárà mi ní Arákàlẹ̀ ti mọ̀ pé n kò mu sìgá mọ́. Iṣẹ́ ríwáyà ni mo ń ṣe nílùú Àkúrẹ́, iná ọkọ̀ ni mo ń tún ṣe láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, sìgá sì ti wà lẹ́nu mi láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́. Ní báyìí, vape ló wà nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì mi, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tó ń sọ omi tó ní níkótíìnì, ohun inú tábà tó ń di bárakú, di ìkùukùu tí à ń fà sẹ́nu. Àwọn awakọ̀ tó ń ná Ọ̀wọ̀ àti Ìdànrè máa ń sọ fún mi pé àwọn náà ti ra tiwọn rí, pé bí àwọn ṣe fà á báyìí ni ikọ́ gbé àwọn. Wọ́n jù ú sínú páálí, wọ́n sì lọ ra sìgá. Ọ̀rọ̀ wọn ló ń dùn mí tí mo fi jókòó kọ èyí, torí bí mo bá ní kí wọ́n fà á lójú mi, mo máa ń rí i pé kò sóhun tó ṣe vape náà. Ọwọ́ sìgá ni wọ́n fi ń mú un.

Iná ló ń jó lórí sìgá. Bí ẹ bá fà á, afẹ́fẹ́ á gba ibi iná yẹn kọjá, iná á ràn, ooru ibẹ̀ á sì lọ sí nǹkan bíi 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ẹ bá ṣe fà á tó ni èéfín rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Ẹnu ti kọ́ èyí fún ọdún pípẹ́, ó ti mọ́ ọn lára: kó fà á kíá, kó fà á líle, kó fi í sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán sìgá wò ní ilé àyẹ̀wò pàápàá, ìṣẹ́jú-àáyá 2 péré ló fi ń fà á lẹ́ẹ̀kan.

Nínú vape, kò sí ohun tó ń jó. Bátìrì ló ń mú kí wáyà tín-ín-rín kan tí wọ́n ká, tí à ń pè ní kọ́ìlì, gbóná. Òwú wà lára kọ́ìlì yìí. Òwú á mu omi inú rẹ̀, kọ́ìlì á sì sọ omi náà di ìkùukùu. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ rí mọ hítà plug rẹ̀: ẹ gbọ́dọ̀ fún un láyè kó gbóná kí ẹ tó sítáàtì ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́ìlì rí. Èémí yín kò lè mú un gbóná sí i. Tí ẹ bá fà á líle, afẹ́fẹ́ tó ń sáré kọjá á tún máa mú un tutù ni, á sì fa omi tí kò tíì gbóná jáde nínú òwú wá sínú ọ̀pá àárín. Ibẹ̀ ni ariwo gbùlù-gbùlù yẹn ti ń wá, òun náà ló sì ń mú kí omi gbígbóná ta séèyàn létè. Ẹni tó bá ti ń gbọ́ ọ kó dúró, kó fi tíṣù nu ihò ẹnu vape náà, kó gbọn vape náà díẹ̀ kí omi tó kún ibẹ̀ jáde.

Bí mo ṣe ń fà á rèé. Mo máa ń fi ètè dì í mú láì fún un. Mo á rọra fa afẹ́fẹ́ wọ ẹnu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kò ní wọlé, fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá 3 tàbí 4. Mo á jẹ́ kó dúró lẹ́nu díẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo á ṣẹ̀ṣẹ̀ mí in sínú, kí n tó tú u jáde. Tí ó bá jẹ́ èyí tó ní bọ́tìnì, mo á ti kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnì náà kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Èyí tí kò ní bọ́tìnì, afẹ́fẹ́ ẹnu ló ń tàn án, afẹ́fẹ́ díẹ̀ sì ti tó o.

Àwọn vape ńláńlá kan wà tí ihò afẹ́fẹ́ wọn fẹ̀, tí wọ́n ṣe kí èèyàn lè mí in tààrà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lórí sìgá kò nílò ìyẹn. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára kọ́ìlì rẹ̀. Ohm ni òṣùwọ̀n bí kọ́ìlì ṣe ń dènà iná tó. Èyí tó bá wà ní bíi ohm 1, tí kò gbà ju wáàtì 10 sí 15 lọ, ló sún mọ́ bí ẹnu ṣe ń fa sìgá. Èyí tó wà ní ohm 0.2 ń fẹ́ wáàtì púpọ̀, ìkùukùu rẹ̀ á sì kún inú ọkọ̀.

Ẹ wo níkótíìnì rẹ̀ pẹ̀lú. Ibi tí wọ́n bá ti kọ 5%, ó túmọ̀ sí nǹkan bíi 50 mg nínú mílílítà kan. Àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kò gbà kí ó ju 20 mg lọ. Ẹni tó bá gbé 50 mg yẹn sínú ẹ̀rọ ńlá, tó ń mí in tààrà sínú, òòyì á kọ́ ọ, èébì á máa gbé e, ó tiẹ̀ lè máa ṣe òsúkè.

Ohun tó ṣòro jù fún mi láti kọ́ ni dídúró. Igi sìgá máa ń parí. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí tábà ní 2015 kò gbà kí wọ́n máa tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àmọ́ a mọ̀ pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan náà la ṣì ń rà létí títì, tí ẹyọ kan bá sì ti jó tán, ó tán nìyẹn. Vape kì í sọ fún èèyàn pé ó tó. Mo máa ń fà á díẹ̀, mo á fi í sápò, mo á sì mú tẹ́sítà padà. Bí a bá ń fà á léraléra, òwú kì í rí àyè mu omi, á gbẹ, á jó, adùn rẹ̀ á sì korò débi pé ọ̀nà ọ̀fun á máa ta èèyàn. Èyí náà ló fi yẹ kí a fi kọ́ìlì tuntun sílẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn tí a bá ti rọ omi sí i.

Ojú ọjọ́ ibí yìí náà ń kó ipa tirẹ̀. Ẹ má fi vape sílẹ̀ níwájú ọkọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán. Omi rẹ̀ á ṣàn jù, á máa jò. Láàárọ̀ ọyẹ́, omi náà á ki, òwú kì í tètè mu ún, torí náà ẹ fún un láyè sí i. Ẹ̀yin náà, ẹ máa mu omi tútù dáadáa, nítorí vape ń gbẹ èèyàn lẹ́nu, ọyẹ́ fúnra rẹ̀ sì ti ń gbẹ wá lọ́fun tẹ́lẹ̀.

Bàbá kan tó ń wa tàkìsí láti Ọjà Ọba lọ sí Alágbàka wá bá mi pé, “Ọmọ mi, nǹkan yìí ò lágbára rárá.”

Mo ní, “Ẹ fà á lójú mi, sà.” Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wọlé pátápátá, ó ń dún gbùlù-gbùlù.

“Ẹ má fipá mú un, bàbá. Ẹ rọra. Ẹ ṣì máa fà á. Ó tó, ẹ wá mí in sínú.”

Wọ́n wúkọ́ díẹ̀, wọ́n tún gbìyànjú, ojú wọn sì yí padà. “Hẹn ẹn! Ó wà níbẹ̀ o.”

Ọmọ iṣẹ́ mi tó dúró tì wá ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n tọ́ ọ wò.” Mo kọ̀ fún un. Kò mu sìgá rí, níkótíìnì sì ń di bárakú. Ẹni tí kò mu sìgá kò ní ohun tó fẹ́ fi vape ṣe. Inú àpótí irinṣẹ́ tí mo máa ń tì pa ni ìgò omi rẹ̀ wà, torí májèlé ni fún ọmọdé tó bá gbé e mu.

Bàbá ti ń fà á dáadáa báyìí, àmọ́ wọ́n ṣì ń mu sìgá kan lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. A ń bá ara wa fa ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́. Mo ti ṣàlàyé fún wọn pé jíjó tí tábà ń jó ló ń fún wa ní ọ̀dà dúdú àti gáàsì olóró tí à ń pè ní kábọ́ọ̀nù mónósáìdì, pé bí a bá fi vape kún sìgá, a kò tíì kúrò nínú ewu náà. Mo ní kí wọ́n máa gbé vape sí ẹ̀gbẹ́ àwo oúnjẹ kí wọ́n tó bu òkèlè àkọ́kọ́, kí wọ́n sì má ra sìgá wálé mọ́ tí wọ́n bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Wọ́n ní àwọn á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.