Gíga kí ni? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ ìwọnlẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ ìwọnlẹ̀, bí wọ́n bá gbé fáìlì gíga ilẹ̀ fún yín, kí ẹ tó fi ya ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé gíga kí ni. Ṣé ti ilẹ̀ gan-an ni, àbí ti orí igi àti òrùlé?

Èyí tó jẹ́ ti ilẹ̀ nìkan là ń pè ní DTM (digital terrain model), ìyẹn àwòṣe ojú ilẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Títì ni Charles Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ń fi í yà ní àwọn ọdún 1950. Èyí tó kó igi àti ilé mọ́ ọn ni DSM (digital surface model).

SRTM, ìyẹn fáìlì gíga tí ọ̀pọ̀ wa fi ń bẹ̀rẹ̀, torí pé ọ̀fẹ́ ni, ráda tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀ gbalasa òfurufú Endeavour ló wọ̀n ọ́n láti òfurufú ní oṣù kejì ọdún 2000. Ráda yẹn kì í sábà dé ilẹ̀ níbi tí igbó bá ti dí. Nínú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ohun tí ẹ pè ní òkè lórí máàpù lè jẹ́ orí igi. Ní Èkó, ilé máa ń jẹ́ kí àdúgbò ga ju bó ṣe rí lọ, ẹni tó ń ṣírò àgbàrá á wá rò pé omi ò lè débẹ̀. Ẹ̀mí èèyàn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o.

Fọ́tò dróònù náà ò rí abẹ́ ewé. Lídà, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ lésà wọn ilẹ̀, sàn jù, torí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ máa ń gba àárín ewé bọ́ sílẹ̀. Níbi tí kò bá sí lídà, ẹ gé igbó, kí ẹ gbé level, ẹ̀rọ tí a fi ń wo ìyàtọ̀ gíga láti ibì kan sí ibòmíràn.

Bí ẹ bá dé gọ́tà, ẹ má kàn mú àmì káàkiri. Ẹ wọn etí rẹ̀ méjèèjì àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì so wọ́n pọ̀ bí ìlà. Bí kò bá sí ìlà yẹn, kọ̀ǹpútà, tó ń fi onígun mẹ́ta so àwọn àmì pọ̀, á fa onígun mẹ́ta láti etí kan sí èkejì, gọ́tà á sì dí pa nínú àwòṣe yín.

Gíga tí GPS wọ̀n gan-an kì í ṣe gíga sí òkun; láti orí àwòrán ayé tí wọ́n fi ìṣirò yà ló ti ń wọ̀n ọ́n. Ní Èkó, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ju mítà 20 lọ.

Kí ẹ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ wọn àwọn àmì kan sọ́tọ̀ tí ẹ ò fi kọ́ àwòṣe náà, kí ẹ fi dán an wò. Kí púpọ̀ nínú wọn wà nínú igbó, torí kò sí àwòṣe tí kì í dára lórí títì.