Nanotube tó ṣe é ran bí òwú: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yàrá ìwádìí, bí igbó carbon nanotube ṣe ga tó ni ẹ ó kọ́kọ́ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn. Carbon nanotube ni ọ̀pá oníhò tó tín-ínrín gan-an, tí wọ́n fi carbon ṣe; tí ọ̀pọ̀ wọn bá hù ní ìdúró, tí wọ́n sún mọ́ra bí igi, a máa ń pè é ní igbó. Ẹ má jẹ́ kó gbà yín lọ́kàn jù. Ní 2004, Hata àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi oru omi díẹ̀ kún gáàsì tó ń pèsè carbon fún nanotube, igbó tiwọn sì ga tó mílímítà 2.5 láàárín ìṣẹ́jú 10. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n èyí tí Jiang, Li àti Fan lò ní Yunifásítì Tsinghua, ní Beijing, kò ju nǹkan bí máíkírómítà 100 lọ, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà kan. Síbẹ̀, ní 2002, wọ́n kéde pé àwọn fa okùn tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 jáde nínú rẹ̀.

Tí ẹ bá fa ìdì nanotube kan kúrò létí igbó náà, á di èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mú, ìyẹn náà á tún fa òmíràn. Kò sí gọ́ọ̀mù níbẹ̀ o. Agbára van der Waals, ìyẹn òòfà díẹ̀ tó máa ń wà láàárín àwọn nǹkan tó bá sún mọ́ra gan-an, ló so wọ́n pọ̀. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ fún mọ́ra, kí wọ́n dúró ṣánṣán, kí ara wọn sì mọ́.

Òwú tí ìyá bá gbọ̀n lọmọ ń ran. Irin ni òwú tiwa. Irin fẹ́lẹ́ tí kò ju nánómítà mélòó kan lọ (mílíọ̀nù kan nánómítà ló wà nínú mílímítà kan) la máa ń tẹ́ sórí alumina, ìyẹn àdàpọ̀ aluminium àti oxygen, alumina sì wà lórí àwo silicon, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe chip kọ̀ǹpútà. Bí ooru bá ti ń mú un, irin yẹn á fọ́ sí hóró wẹ́wẹ́, ara àwọn hóró yìí sì ni nanotube ti ń hù. Tó bá pẹ́ jù nínú ooru kí gáàsì tó dé, àwọn hóró ńlá á máa gbé kékeré mì: iye wọn á dín kù, wọn ò sì ní dọ́gba mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń ṣọ́ ìgbà tí ààrò gbóná tó sí ìgbà tí acetylene, gáàsì tí àwọn wẹ́dà fi ń jó irin, wọlé. Tí igbó yín ò bá ṣe é fà, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Àyẹ̀wò tó dá mi lójú jù kò gba ẹ̀rọ kankan. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú etí igbó náà, kí ẹ rọra fà á. Èyí tó dára á tẹ̀lé ọwọ́ yín ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, aláwọ̀ eérú, tí ẹ ó máa rí ìka yín láti òdìkejì rẹ̀, silicon á sì máa hàn gbangba níbi tó ti kúrò. Èyí tí ò dára á ya ní ṣíṣù. Èyí tó tẹ̀lé ọwọ́ yín náà kò tíì lágbára nígbà yẹn o, èémí lásán máa ń gbé e. Ìlọ́ ló ń fún un lágbára, bí àwọn olùwádìí Zhang, Atkinson àti Baughman ṣe fi hàn ní 2004. Ethanol (irú alcohol kan) tí ẹ bá kán sí i náà á fún un pọ̀ bó ṣe ń gbẹ.

Inú àpótí tó ń fa afẹ́fẹ́ síta ni kí ẹ ti ṣe gbogbo èyí, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú. Nanotube tó bá fò sáfẹ́fẹ́ lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Mi ò gbà fún ẹnikẹ́ni lórí èyí, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń kánjú àtigba oyè.