Ọ̀rá omi lórí Òkè Ìdànrè

Ní oṣù tí ó kọjá, èmi àti àwọn ọmọ àbúrò mi méjì gun Òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Àtẹ̀gùn tí ó gbé wa lọ sókè lé ní 600, a kò sì tíì dé ìdajì rẹ̀ tí orúnkún mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bàbá tí ó ń fọ̀nà hàn wá rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi, òkè kì í sá lọ."

Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti rí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan tí ẹnì kan ká jọ, tí ó sì kì bọ inú ihò tóóró lára àpáta bí ẹni tí ń fi owó pamọ́. Mo fi ìka fà á jáde, òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀kẹta tí mo sì fà fọ́ wẹ́wẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí pé oòrùn ti jẹ ẹ́. Ẹni tí ó ṣe é kò fẹ́ sọ ọ́ sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, kò sì fẹ́ gbé e sọ̀kalẹ̀. Irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ ni ó ń ba ibi ìgbafẹ́ wa jẹ́ jù, torí pé ẹni tí ó bá sọ ọ̀rá sílẹ̀ ní gbangba, o lè bá a wí, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ihò àpáta wí?

Òkè yìí kì í ṣe ibi ìran lásán. Ìlú ni. Àwọn ará Ìdànrè gbé orí rẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ojú ẹsẹ̀ Agboógùn tí ó wà lára àpáta, tí àwọn ọmọ àbúrò mi ń jà sí ta ni yóò kọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ bọ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe ọdún Orósùn, òrìṣà òkè náà, àwọn tí ń wá ọmọ a sì máa tọrọ níbẹ̀. Nígbà tí mo rí orúkọ olólùfẹ́ méjì kan tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ sára àpáta, ohun tí ó wá sí mi lọ́kàn ni pé wọn kò ní jẹ́ dán irú rẹ̀ wò lára ògiri ilé bàbá wọn.

Ọ̀rọ̀ owó náà tún wà ńbẹ̀. Kòkó ni Ìdànrè fi ń jẹun, wọn kò jókòó máa retí àlejò. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa tí ń lọ máa ń gbé ìrẹsì láti ilé, a ó gun òkè, a ó ya fọ́tò, a ó sì padà ní ìrọ̀lẹ́. Ìdọ̀tí wa nìkan ni a fi ń ta ìlú náà lọ́rẹ. Lójú tèmi, ẹni tí ó bá sùn níbẹ̀ mọ́jú, tí ó jẹ iyán níbẹ̀, tí ó sì san owó fún ọmọ ìlú tí ó mọ òkè náà, ó ti ṣe ju ẹni tí ó fi fọ́tò 50 sí Facebook lọ. (Mo mọ̀ pé èmi náà gbé ìrẹsì lọ ní ìgbà àkọ́kọ́.)

Láti ọdún 2007 ni Òkè Ìdànrè ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà ti fi orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ UNESCO pé kí wọ́n yẹ̀ wò fún ogún àgbáyé. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti gba tirẹ̀ ní ọdún 2005, èèwọ̀ sì ni ó ṣọ́ igbó hẹ́kítà 75 náà ṣáájú àjọ èyíkéyìí: a kì í gé igi rẹ̀, a kì í pa ẹran rẹ̀, a kì í mú ẹja odò rẹ̀. Àmọ́ odò náà di pípọ́n bí ẹrẹ̀ láìpẹ́ yìí nítorí àwọn tí ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lókè odò, tí wọn kò tilẹ̀ dé etí igbó náà rárá. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí àlejò máa wá sí Ìdànrè títí, igbó tí ó yí òkè náà ká ṣe pàtàkì bí àtẹ̀gùn rẹ̀.

Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọ̀rá sínú báàgì mi, wọ́n sì sọ ọ́ di ìdíje. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, ìyá kan tí ó ń ta bọ̀ọ̀lì wo báàgì náà, wọ́n ní, "Ṣé ẹ fẹ́ tà á ni? Àwọn kan máa ń wá rà á ní kílò kílò." Mo ní kí wọ́n máa mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n gbà á, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ tábìlì wọn, wọ́n sì fi bọ̀ọ̀lì kan lé méjì tí mo rà.