Rélùwéè ayé àtijọ́ ti gbéra lórí kọ̀ǹpútà mi

Ọkọ̀ ojú irin tí mo fi Blender, ètò tí a fi ń mọ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà, mọ ti wọ inú géèmù Open Rails lálẹ́ àná, ó sì rìn! Ojú irin tóóró ni mo yàn fún un, mìlímítà 1067 láàárín irin méjèèjì, irú èyí tó so Èkó mọ́ Ìbàdàn láti 1901. (Mìlímítà 1435 ni ti rélùwéè tuntun.) Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gba àkókò jù: ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la gbọ́dọ̀ mọ wọ́n kí wọ́n tó lè yí. Mo tún mọ ẹ̀dà kan tó fúyẹ́, tí géèmù máa ń lò bí ọkọ̀ bá wà lọ́ọ̀ọ́kán, kí kọ̀ǹpútà má baà máa wọ́.

Bàbá mi, tí wọ́n wọ rélùwéè dáadáa nígbà èwe wọn, tẹjú mọ́ ọn. “Fèrèsé yìí ò ṣeé ṣí? Ibẹ̀ la ti ń ra ọsàn o.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Fèrèsé ni mo ń ṣe lọ́wọ́ báyìí.