Òtútù Ló Ń Mú Mọ́tò Mi

Òní Sátidé ni mo tó rí ohun tó ń gbé epo mọ́tò mi mì. Ara mi sì fúyẹ́ gan-an.

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń fura. Ọdún 2003 ni wọ́n ṣe mọ́tò yìí, mo sì ń dá a láre pé àgbà ló dé sí i. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo rọ epo kún táǹkì, mo dá òǹkà kìlómítà padà sí òdo, mo wà á bí mo ṣe máa ń wà á, mo tún rọ ọ́ kún. Kìlómítà 412, epo lítà 49 ó lé díẹ̀. Ìyẹn jẹ́ lítà 12 fún 100 kìlómítà. Nínú ìwé kékeré tí mo ń kọ ọ́ sí látọjọ́ tí mo ti rà á, 8.5 ló ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń fa irú èyí.

Mo kọ́kọ́ sáré lọ ra nǹkan. Mo pààrọ̀ fílítà afẹ́fẹ́, kò yí ohunkóhun padà. Nínú mọ́tò tó ń lo injector, ìyẹn ẹnu kékeré tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń wọn afẹ́fẹ́ kó tó bu epo sí i. Bí fílítà bá dí, agbára ni ọkọ̀ máa ń pàdánù. Àwọn mọ́tò àtijọ́ oníkabúrétọ̀, tí kò ní kọ̀ǹpútà tó ń wọn epo, ni ìyẹn máa ń sọ di alájẹkì. Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà. Àwọn tí mo yọ dúdú bí ìdí ìkòkò, wọ́n ń kun mi lọ́wọ́. Epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ nìyẹn, ó sì yẹ kí n ti bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Táyà méjì ti rọ̀ díẹ̀, mo fẹ́ wọn. Mo na ọwọ́ sún mọ́ àgbá ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìrìn, bóyá bíréèkì ń di ọ̀kan mú. Kò sí èyí tó gbóná ju èkejì lọ.

Àbúrò mi ló gbé ẹ̀rọ ayẹ̀wò wá láàárọ̀. A wà lójú márosẹ̀ nígbà tó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo omi ẹ́ńjìnnì yín. Ooru rẹ̀ jẹ́ 63 Celsius péré.”

“Ṣé kò dáa kó tutù ni?”

“Ó ti tutù jù, ẹ̀gbọ́n.”

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń rí i pé abẹ́rẹ́ géèjì máa ń gòkè nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí á sì rọ wálẹ̀ bí a bá ti ń sáré. Mo ń yìn ín ni! Thermostat, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń darí omi ẹ́ńjìnnì, ló ti há ní ṣíṣí. Ó yẹ kó sé ọ̀nà omi mọ́ rédíétọ̀, ibi tí omi ti ń tutù, títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, kó tó ṣí i. Bí kò bá sé, atẹ́gùn ojú ọ̀nà á máa fẹ́ omi tutù. Kọ̀ǹpútà á rò pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná ni, á sì máa fi ẹ̀kún epo sí i, nítorí epo kì í tètè di oru nínú ẹ́ńjìnnì tútù. Láti oṣù mẹ́ta, inú òtútù àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mọ́tò mi wà láti àárọ̀ dalẹ́.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, a tú bóòtù méjì, a yọ thermostat náà. Ó wà látẹ́lẹ́wọ́ mi, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, mo ń rí ilẹ̀ láàárín rẹ̀. Mo gbé tuntun sínú ìkòkò omi lórí iná, pẹ̀lú òṣùwọ̀n ooru. Wọ́n tẹ 82 sí i lára. Títí omi fi dé 80, kò mira. Nígbà tó kọjá 82 díẹ̀, ìlà tín-ín-rín yọ létí rẹ̀. Ó ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí ìda tó wà nínú rẹ̀ ń wú, ó sì ń ti sípíríǹgì. Mo dúró wò ó títí ó fi ṣí tán. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá yọ thermostat ẹlòmíì dànù kí ọkọ̀ má baà gbóná. Epo ni onítọ̀hún á máa fi san án.

A dè é padà, a rọ omi ẹ́ńjìnnì, a jẹ́ kí atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde. Lójú márosẹ̀, abẹ́rẹ́ dúró láàárín gbọnin, ẹ̀rọ ń kà 88. Nígbà tí a ń bọ̀, mo rọ epo kún táǹkì, mo dá òǹkà padà sí òdo, mo kọ ọjọ́ òní sínú ìwé. Mo fi àyè lítà sílẹ̀ lófìfo.