Ẹ Kò Fẹ́ Èyíkéyìí Nínú Àwọn Méjèèjì? Ìbò Yín Ṣì Ní Ibi Tó Ń Já Sí

Lọ́jọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 2016, bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń jáde ní ibùdó ìdìbò, àwọn olùwádìí ń dá wọn dúró, wọ́n ń bi wọ́n léèrè: ṣé Hillary Clinton wù yín? Donald Trump ńkọ́? Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, 55 ní Clinton kò wu àwọn, 60 sì ní Trump kò wu àwọn. Ẹni tí àwọn tó kọ̀ ọ́ pọ̀ jù náà ló wọlé.

Kì í ṣe idán. Àwọn kan wà tí àwọn méjèèjì kò wù rárá; 18 ni wọ́n nínú ọgọ́rùn-ún òǹdìbò. Nígbà tí wọ́n bi àwọn wọ̀nyí pé ta ni wọ́n wá dìbò fún, 47 nínú ọgọ́rùn-ún wọn dárúkọ Trump, 30 dárúkọ Clinton, àwọn tó kù kó tiwọn lọ fún ẹlòmíràn tàbí kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ni mo fẹ́ ká wò lónìí. Kí ni wọ́n ń rò kí wọ́n tó yàn?

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ṣe ni irú òǹdìbò bẹ́ẹ̀ máa ń to ẹ̀ṣẹ̀ olùdíje kìíní sápá ọ̀tún, ti èkejì sápá òsì, kó wá mú ẹni tí tiẹ̀ kéré. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, Clinton ni ì bá jáwé olúborí. Nínú ìwádìí kan náà, 52 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà pé Clinton kájú òṣùwọ̀n láti ṣe ààrẹ, 38 péré ló sọ bẹ́ẹ̀ nípa Trump. Ní ti òótọ́ sísọ, àwọn méjèèjì ló fìdí rẹmi: 36 ló gba Clinton gbọ́, 33 gba Trump gbọ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n béèrè ohun tó jẹ wọ́n lógún jù lára olùdíje, 39 nínú ọgọ́rùn-ún ní ẹni tó lè mú ìyípadà wá ni àwọn ń wá, ó sì lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn yẹn tó lọ bá Trump.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń wò nìyẹn: ta ló wà lórí àga báyìí, ṣé bó ṣe ń lọ yìí sì tẹ́ mi lọ́rùn? Ẹgbẹ́ Clinton ti lo ọdún 8 nílé ìjọba. Ẹni tí inú ń bí sí bí ìlú ṣe rí, ẹgbẹ́ tó wà lórí oyè ló máa fi ìyà ẹ̀ jẹ, kódà bí ẹni tó fẹ́ gba àga náà kò bá wù ú. Ní 2020, Trump fúnra rẹ̀ ló wà lórí àga, ìbínú sì dojú kọ òun náà. Àwọn tó sá lọ bá ẹgbẹ́ kéékèèké àti àwọn olùdíje aládàáni ní 2016 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2020, wọn kò pé 2.

Ọ̀pọ̀ wọn kò tiẹ̀ dìbò fún ẹni náà, ohun tó máa tẹ̀ lé e wọlé ni wọ́n dìbò fún. Adájọ́ Antonin Scalia ti ilé ẹjọ́ gíga jù lọ kú ní oṣù kejì ọdún 2016, àwọn sẹ́nétọ̀ sì kọ̀ láti fi ẹnikẹ́ni sípò rẹ̀ kí ìdìbò tó kọjá. Ní oṣù karùn-ún, Trump gbé ìwé jáde tí orúkọ èèyàn 11 wà nínú rẹ̀ pé àárín àwọn wọ̀nyí lòun á ti mú; ní oṣù kẹsàn-án ó fi 10 kún un. Lójú tèmi, kò sí ohun tó ṣe lọ́dún yẹn tó gbọ́n tó ìwé orúkọ yẹn. Onígbàgbọ́ tí kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ọkùnrin náà sétí ti rí nǹkan tó lè dì mú: orúkọ, kì í ṣe ìlérí lásán. Nínú ọgọ́rùn-ún òǹdìbò, 21 ló ní ọ̀rọ̀ adájọ́ yìí ló ṣe pàtàkì jù sí àwọn. 56 nínú ọgọ́rùn-ún wọn dìbò fún Trump, 41 fún Clinton. Adájọ́ mẹ́ta ni Trump padà yàn sí ilé ẹjọ́ náà láàárín ọdún 2017 sí 2020. Nítorí náà, bí olùdíje méjì kò bá wù yín, ẹ béèrè orúkọ àwọn tó máa bá a wọlé: igbákejì, àwọn tó ń darí ọ̀rọ̀ owó rẹ̀, àwọn adájọ́ tó máa yàn. Àwọn yẹn lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí òun bá ti lọ.

Ìròyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tún máa ń ṣiṣẹ́ lára wọn ju lára ẹlòmíràn lọ. Ẹni tó fẹ́ràn olùdíje rẹ̀ kì í yẹsẹ̀ torí ìròyìn ọ̀sẹ̀ kan, àmọ́ ẹni tí kò fẹ́ méjèèjì, èyí tó gbọ́ kẹ́yìn ló máa ń dùn ún jù. Lọ́jọ́ 7 oṣù kẹwàá, fídíò kan jáde níbi tí Trump ti ń sọ ìsọkúsọ nípa obìnrin. Lọ́jọ́ 28 oṣù kan náà, James Comey, ọ̀gá FBI, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, kọ lẹ́tà sí àwọn aṣòfin pé àwọn tún rí ímeèlì kan tó ṣeé ṣe kó kan ìwádìí lórí bí Clinton ṣe fi ímeèlì ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìjọba. Ó ku ọjọ́ 11 kí wọ́n dìbò. Bóyá lẹ́tà yẹn ló gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn onímọ̀ ò tíì yé jiyàn lé e lórí. Ohun tó dájú ni pé ní Wisconsin, àwọn tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pinnu, Trump ni ọ̀pọ̀ wọn ya lọ bá. Ẹ fura sí ìkórìíra yín tí kò bá tíì pé oṣù kan.

Ẹ̀rù wá ń kọ́? Ẹ̀rù wúwo ju ìríra lọ, ilẹ̀ Faransé la ti lè rí èyí kedere jù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2002, Jacques Chirac, ààrẹ tó wà lórí àga, kò rí tó 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò abala kìíní: 19.88 péré, ọ̀rọ̀ owó ìlú sì ti bà á lórúkọ jẹ́ látìgbà tó ti jẹ́ olórí ìlú Paris. Àmọ́ Jean-Marie Le Pen, olórí ẹgbẹ́ tó le koko sí àwọn àjèjì, ló bá a dé abala kejì. Àwọn tí wọn kò jẹ́ dìbò fún Chirac láéláé jáde, àwọn kan ń gbé àkọlé kiri pé kí wọ́n dìbò fún gbájúẹ̀, kí wọ́n má dìbò fún fáṣíìsì. Chirac gba 82.21 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sẹ́ni tó gbà pé ìfẹ́ rẹ̀ ló pọ̀ sí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Lọ́dún 2017, tí Emmanuel Macron kojú Marine Le Pen, ọmọ Jean-Marie, ẹ̀rù yẹn kò mú àwọn èèyàn tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìbò tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ló jẹ́ òfìfo tàbí èyí tí kò bófin mu. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ ni pé bébà olùdíje kọ̀ọ̀kan wà lọ́tọ̀. Ẹ ó mú wọn, ẹ ó wọ inú yàrá kékeré, ẹ ó fi ọ̀kan sínú àpòòwé, ẹ ó jù ú sínú àpótí tí wọ́n ń rí inú rẹ̀. Wọn kì í kó bébà funfun fún èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ dìbò òfìfo á gbé bébà funfun tirẹ̀ wá láti ilé tàbí kó fi àpòòwé sílẹ̀ láìfi nǹkan sí i. Ẹni tó bá kọ èébú sára bébà, tàbí tó fi orúkọ méjèèjì sínú àpòòwé kan, ìbò tí kò bófin mu nìyẹn. Látọdún 2014 ni òfin ti ní kí wọ́n máa ka òfìfo lọ́tọ̀ sí èyí tí kò bófin mu, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ mọ ẹni tó wọlé, wọn kì í ka ọ̀kankan nínú méjèèjì mọ́ ọn. Wọ́n á gbọ́ ohùn yín, wọn ò ní fi wọ̀n.

Ní Brazil, ẹ̀rọ ni. Èèyàn á tẹ nọ́ńbà olùdíje (ní abala kejì ọdún 2018, 17 ni ti Jair Bolsonaro, 13 ti Fernando Haddad), fọ́tò rẹ̀ á yọ, á sì tẹ bọ́tìnì aláwọ̀ ewé láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bọ́tìnì funfun wà fún ẹni tí kò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíràn á tẹ nọ́ńbà tí kì í ṣe ti olùdíje kankan, bíi 00, á sì tẹ aláwọ̀ ewé. Ìyẹn náà ti ṣòfò. Ó lé ní mílíọ̀nù 11 èèyàn tó ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì lọ́jọ́ yẹn. Irọ́ kan wà tó máa ń jáde ní gbogbo àsìkò ìdìbò níbẹ̀, pé bí irú ìbò báyìí bá ju ìdajì lọ, wọ́n á fagi lé ìdìbò, wọ́n á sì mú olùdíje tuntun wá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìbò tí ilé ẹjọ́ bá fagi lé nítorí màgòmágó ni òfin yẹn ń sọ. Ohun tí bọ́tìnì funfun ń ṣe ni pé ó ń dín iye tí wọ́n ń pín kù: bí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá dìbò, tí 10 tẹ funfun, 90 ló kù tí wọ́n ń kà, 46 sì ti tó láti wọlé dípò 51. Ẹni tó wà níwájú lẹ ràn lọ́wọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Amẹ́ríkà, torí pé níbẹ̀, ibi tí èèyàn ń gbé ló ń sọ bí ìbò rẹ̀ ṣe wúwo tó. Aṣojú òǹdìbò 538, tí wọ́n pín fún àwọn ìpínlẹ̀, ló ń yan ààrẹ, 270 ló ń gbé èèyàn wọlé. Yàtọ̀ sí Maine àti Nebraska, ẹni tó bá mókè ní ìpínlẹ̀ kan, ì báà jẹ́ ìbò kan ló fi mókè, ló ń kó gbogbo aṣojú ibẹ̀. Clinton fi ìbò bíi mílíọ̀nù 2.9 ju Trump lọ káàkiri orílẹ̀-èdè. Àmọ́ Trump fi 10,704 jù ú lọ ní Michigan, 22,748 ní Wisconsin, 44,292 ní Pennsylvania. Ẹ ro ó pọ̀: kò pé 78,000, ó sì kó aṣojú 46 bọ̀.

Ọmọ Yorùbá tó ti di ọmọ onílẹ̀ ní Houston ní Texas àti àbúrò rẹ̀ tó wà ní Philadelphia ní Pennsylvania lè kórìíra olùdíje méjèèjì bákan náà, iṣẹ́ tí ìbò wọn ń ṣe kò dọ́gba. Ní Texas lọ́dún yẹn, ìbò tó lé ní 800,000 ni Trump fi ju Clinton lọ. Ẹ̀gbọ́n lè dìbò fún ẹgbẹ́ kékeré níbẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí àwọn ńlá, kò sí ohun tó máa bàjẹ́. Àbúrò ní Pennsylvania ń fi tirẹ̀ yan ààrẹ, bó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Ìwé ìdìbò náà tún ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, àmì kékeré kan tó rí bí ẹyin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Bírò dúdú lẹ máa fi kùn ún kó kún, ẹ̀rọ á kà á. Ẹ lè fi ibi ààrẹ sílẹ̀, kí ẹ kun ti sẹ́nétọ̀, ti aṣojú-ṣòfin àti ti ìgbìmọ̀ ilé ìwé; ìyẹn kò ba ìwé jẹ́. Ní Michigan, ìwé tó lé ní 75,000 ló wọlé láìsí ìbò ààrẹ lórí rẹ̀, ìlọ́po méje ohun tí Trump fi mókè níbẹ̀. Ohun tó ń ba ti ààrẹ jẹ́ ni kí ẹ kun orúkọ méjì láti fi hàn pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ̀rọ kò mọ àwàdà. Bí ẹ bá sì fẹ́ fọwọ́ kọ orúkọ ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ wádìí: Oklahoma àti South Dakota kò gbà á fún ipò ààrẹ rárá, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn sì rèé, àfi kí ẹni náà ti forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó lè kà á.

Nevada nìkan ló kọ ọ́ sórí ìwé pé “kò sí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí”. Ní 2016, èèyàn 28,863 ló mú un. Ìbò 27,202 ni Clinton fi ju Trump lọ níbẹ̀. Bí ìlà yẹn bá tiẹ̀ gba ipò kìíní, ènìyàn tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù lòfin á gbé wọlé.

Àwọn tó ń ro ìbò Jill Stein, olùdíje ẹgbẹ́ Green, ní Michigan, 51,463, mọ́ ti Clinton kí wọ́n lè sọ pé òun ló bà á jẹ́, ìṣirò wọn kò pé. Àwọn kan nínú àwọn tó dìbò fún Stein ì bá jókòó sílé. Gary Johnson ti ẹgbẹ́ Libertarian gba ju 170,000 lọ ní ìpínlẹ̀ kan náà, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ méjèèjì ló sì ti fà wọ́n. Ohun tó wà níbẹ̀ fún ẹgbẹ́ kékeré ni owó: bó bá rí 5 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò gbogbo orílẹ̀-èdè, ìjọba á fún un lówó ìpolongo fún ìdìbò tó kàn. Johnson rí 3.3.

Nílé, òfin wa kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún ẹni tí inú ń bí. Bí àwọn olùdíje bá ju méjì lọ, abala 134 ìwé òfin Nàìjíríà kò béèrè ìdajì ìbò. Ẹni tí tiẹ̀ bá pọ̀ jù ni, bó bá ti rí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ àti Àbújá. Ní 2023, bíi 37 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbé Bọ́lá Tinúbú wọlé. Nítorí náà, ẹni tó bá jókòó sílé kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Ní 2019, nígbà tí Buhari àti Atiku dojú kọ ara wọn, ìbò tí wọ́n dà nù lé ní mílíọ̀nù 1.28, kò sì sí bí a ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ ti ìbínú yàtọ̀ sí èyí tí íńkì bà jẹ́. Bí ẹ bá ti pinnu, ìka kan ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́, sínú àpótí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ díẹ̀, kí ẹ wá ká ìwé náà ní òòró, kí íńkì má baà bọ́ sórí ẹgbẹ́ tó wà lókè tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀.