Kókó ewì àti ẹṣin bàbá
Mo ń kọ́ àwọn ọmọ praimárì 5 ní ewì Odúnjọ inú Aláwìíyé lónìí, Iṣẹ́ Loògùn Ìṣẹ́, mo ní kí ni kókó ọ̀rọ̀ ibẹ̀, gbogbo kíláàsì pariwo "iṣẹ́!" Mo ní ó dáa, kí ló wá ń sọ nípa iṣẹ́, ìlà wo lẹ ti rí i? Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Àfi ọmọ kan tó máa ń sùn lẹ́yìn (ẹ ò rí nǹkan!) ló nawọ́, ó ní "Tíṣà, ibi owó ìyá àti ẹṣin bàbá yẹn, ó ní ká má gbójú lé wọn, ká ṣe tiwa ni." Háà! Mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un jàre. Lẹnìkan bá ní bàbá òun ò lẹ́ṣin o, ọ̀kadà ló ní, ṣé òun lè gbójú lé ìyẹn?